Omi Pẹ̀lú Nǹkan Méjì-Mẹ́ta: A Dáhùn Ìbéèrè Yín

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí ló dá lórí ohun tí kò ju omi, fùláwà, iyọ̀ àti ṣúgà lọ. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí èròjà bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ ṣe máa rọrùn tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó ní èròjà mẹ́wàá lè fi adùn ọ̀kan bo àṣìṣe èkejì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fùláwà àti omi kò ní ibi tí wọ́n fẹ́ fi tiwọn pamọ́ sí. Bí omi ṣe pọ̀ tó, bó ṣe gbóná tó, àti èwo ló kọ́kọ́ wọ inú èkejì, gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Kí a má baà máa tún un sọ: ife tí a ń wí níhìn-ín ń gba omi mìlílítà 240. Ṣíbí kékeré ni èyí tí a fi ń ro tíì, mìlílítà 5 ló ń gbà. Ṣíbí ńlá ń gba 15. Fùláwà ife kan, bí ẹ bá rọra bù ú sínú ife láìtẹ̀ ẹ́, wúwo tó gíráàmù 120 sí 125. Bí ẹ bá ki ife bọ inú àpò fi wà á, ó lè tó 150, ìyàtọ̀ yẹn nìkan sì ti tó láti ba búrẹ́dì jẹ́. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n, kó lò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi fùláwà, omi àti iyọ̀ ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ lórí páànù. Bó bá ṣì gbóná, ó ṣeé jẹ. Bó bá ti tutù, á le koránkorán. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Nǹkan méjì ni a fura sí: omi yín kéré, iná yín náà kò sì tó.

Fún fùláwà gíráàmù 300, tí í ṣe nǹkan bí ife méjì ààbọ̀, ẹ wọn omi mìlílítà 180 àti iyọ̀ gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí kékeré kan tí kò kún dé etí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á da omi bíi 150, wọ́n á rí i pé ó ti di odidi, wọ́n á ní ó ti tó. Àwọn mìíràn á da 180 lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti ń lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n fùláwà gbígbẹ lé e títí omi náà á fi tún di kékeré. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fùláwà kì í fa omi mu lójú ẹsẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ bò ó, ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá padà dé, lílẹ̀ náà á ti rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 5 sí 8 títí ara rẹ̀ á fi dán, ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ bò ó, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ má fo ìsinmi yìí. Purotéènì inú fùláwà máa ń di ohun tó ń fà bíi rọ́bà nígbà tí omi bá kàn án tí ọwọ́ sì ń pò ó. Glúténì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ láìjẹ́ kó sinmi, á máa súnkì padà. Bó bá súnkì, á nípọn. Bó bá nípọn, á pẹ́ lórí iná. Bó bá sì pẹ́ lórí iná, omi inú rẹ̀ á gbẹ tán. Ibẹ̀ ni líle náà ti ń wá.

Ẹ gé e sí ọ̀nà mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó gíráàmù 60. Ẹ tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí kò fi ní nípọn ju mìlímítà 2 lọ. Ẹ gbé páànù gbígbẹ kaná, láìfi òróró sí i, kó gbóná dáadáa: bí ẹ bá ta omi díẹ̀ sí i, kí ó hó kó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó lè má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ á wú ní kókó-kókó, á sì ní àmì pupa rúsúrúsú káàkiri. Bó bá gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó ní àmì yìí, ẹ fẹ́ iná sí i. Ẹ kò sè é mọ́, ẹ ń sá a gbẹ ni. Bí ẹ bá ti ń yọ ọ́, ẹ máa kó o lé ara wọn nínú aṣọ mímọ́ tó nípọn, kí ẹ sì ká aṣọ náà bò ó. Ooru tó ń jáde lára wọn ni yóò mú kí wọ́n rọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kó rọ̀ jù báyìí lọ lè fi omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná pò ó dípò omi tútù. Ṣíbí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rò ó, kì í ṣe ọwọ́. Omi gbígbóná ń jẹ́ kí sítáàṣì inú fùláwà mu omi púpọ̀ sí i, glúténì rẹ̀ kì í sì le tó ti omi tútù, nítorí náà títẹ́ rẹ̀ rọrùn. Ṣíbí ńlá òróró kan náà ń ṣèrànwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye èròjà á ti lé sí i.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì kù. Líle ọjọ́ kejì kì í ṣe ti omi tó gbẹ nìkan. Sítáàṣì tó ti jinná máa ń tò padà di líle bó bá ń tutù, òtútù inú fíríìjì ló sì ń mú un yá jù lọ. Ẹ fi í sínú nǹkan tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ gbé e sí ìta bí ẹ bá máa jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, tàbí kí ẹ jẹ́ kó dì nínú fírísà bó bá máa pẹ́. Láti jẹ ẹ́, ẹ wọ́n omi sí i lára díẹ̀, ẹ dá a padà sórí páànù gbígbóná fún ìṣẹ́jú-àáyá 20.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní a lè ṣe búrẹ́dì oníyíìsì láìpò ó rárá, pé kí n kàn rò ó kí n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo ṣe é, ó wú dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ rí pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àkókò ló ń ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ ìbá ṣe. Ìwọ̀n tó dára rèé: fùláwà gíráàmù 400, omi mìlílítà 300, iyọ̀ gíráàmù 8, yíìsì gbígbẹ gíráàmù 1, tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré. Ẹ rò ó pọ̀ títí fùláwà gbígbẹ kò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́, ẹ bò ó, ó parí.

Bí inú ilé bá wà ní nǹkan bí 20 sí 22°C, yóò gbà tó wákàtí 12 sí 18. Bí ilé bá gbóná tó 28 tàbí 30°C, wákàtí 6 sí 8 lè ti tó, ẹni tó bá sì fi sílẹ̀ di wákàtí 18 nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ á bá a nílẹ̀. Nítorí náà ẹ má wo aago nìkan. Ẹ wo bó ṣe rí: kó ti di ìlọ́po méjì, kí ihò kéékèèké kún ojú rẹ̀, kó máa mì bí ẹ bá gbọn abọ́. Bó bá ti wú tó sì ti rì padà láàárín, tó ń rùn bí ọtí, ó ti kọjá àyè rẹ̀.

Ẹ dà á sórí tábìlì tí ẹ ti wọ́n fùláwà sí, ẹ ṣẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sí àárín, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Láàárín àkókò yìí, ẹ gbé ìkòkò tó nípọn tòun tọmọrí rẹ̀ sínú ófùn ní 230°C fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ rọra gbé fùláwà náà sínú ìkòkò gbígbóná, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 30, ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú 15. Ọmọrí náà ń há ooru omi mọ́ inú ìkòkò kí èèpo má baà tètè le kí búrẹ́dì tó wú tán. Ìdí nìyí tí búrẹ́dì tí a yan láìbò kì í fi ga tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ inú rẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ fẹ́ béèrè ni pé: ìgbà wo ni ẹ gé e? Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná ṣì ń jinná lọ nínú. Sítáàṣì rẹ̀ kò tíì dì, ooru omi ṣì kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá gé e lójú ẹsẹ̀, ọ̀bẹ á tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀, kò sì ní là mọ́. Wákàtí kan ó kéré tán, lórí ohun tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Méjì ló dára jù. Bí ẹ bá dúró tó bẹ́ẹ̀ tó ṣì ń lẹ̀, a jẹ́ pé kò jinná. Ẹni tó ní ohun èlò tí a fi ń wọn ìgbóná, kó tẹ̀ ẹ́ dé àárín búrẹ́dì: 96°C ó kéré tán. Ẹni tí kò ní, kó kan ìdí rẹ̀ kó gbọ́ bóyá ó ń dún bí ohun tó ṣófo. Ọ̀nà kẹta ni pé ó wú kọjá ààlà, ṣùgbọ́n ẹ ní ó ga dáadáa, nítorí náà a kò rò ó mọ́ yín.

Yíìsì, ohun ẹlẹ́mìí ni. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọwọ́ lè gbà láìsá, ló ń fẹ́. Bó bá ti dé nǹkan bí 55 sí 60°C, yóò kú, búrẹ́dì ò sì ní wú láé. Wọ́n tún máa ń sọ pé iyọ̀ ń pa á. Iyọ̀ tó wà níhìn-ín, gíráàmù 2 nínú 100 fùláwà, kì í pa á, ṣe ló ń dín eré rẹ̀ kù, ìyẹn gan-an sì ni a ń fẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé iyọ̀ á rí i pé fùláwà náà sáré wú, ó rọ̀ jù, kò dúró, kò sì dùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ṣíbí iyọ̀ mélòó ni a ń fi sí omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru? Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣíbí kan, aládùúgbò wa ní ààbọ̀.

ÌDÁHÙN: Ààbọ̀ ni. Ṣíbí kékeré, ààbọ̀ rẹ̀ tó gé pẹrẹsẹ, kì í ṣe èyí tó ga bí òkìtì. Ṣúgà jẹ́ ṣíbí kékeré mẹ́fà, òun náà gé pẹrẹsẹ. Omi mímọ́ jẹ́ lítà kan. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yìí, èyí nìkan ni fífi ojú wọn nǹkan ti lè pa ènìyàn.

Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sókè, ó sì lè fa gìrì tàbí kó ṣe ọpọlọ rẹ̀ ní jàǹbá. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù máa ń fa omi láti inú ara wá sínú ìfun, gbuuru náà á tún wá le sí i. Bí ìwọ̀n àwọn méjèèjì bá ṣe déédéé, ńṣe ni ṣúgà ń ran iyọ̀ lọ́wọ́ láti gba ara ìfun wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ìyẹn ni gbogbo agbára rẹ̀. Ó tún túmọ̀ sí pé kì í ṣe oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. Ó ń dá omi tó sọnù padà ni, kí ẹ má ṣe sọ pé kò ṣiṣẹ́ nítorí pé ọmọ ṣì ń ṣu.

Ẹ se omi náà kó hó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wọn lítà kan nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó tutù, kí ẹ tó wá da iyọ̀ àti ṣúgà sí i. Ẹ má ṣe po ó pọ̀ tán kí ẹ tó sè é, torí omi á fẹ́ lọ, iyọ̀ á sì ki sí i. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ọmọ: bó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ tún òmíràn ṣe. Bó bá pé wákàtí 24, ẹ da èyí tó kù nù.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa ń gba mìlílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún méjì dé mẹ́wàá, 100 sí 200. Ṣíbí ni kí ẹ fi máa bù ú fún un, díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, kó rọra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má dá ọmú dúró.

Bí ORS inú àpò, ìyẹn èròjà omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀, bá wà, òun ni kí ẹ lò, ẹ má lo àfọwọ́ṣe. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí láti ọdún 2002 ní iyọ̀ gíráàmù 2.6, glúkóòsì 13.5, pọtásíọ̀mù kílóráìdì 1.5 àti sítíréètì 2.9 nínú lítà kan, nígbà tó jẹ́ pé ti ilé kò ní méjì tó gbẹ̀yìn yẹn. Ẹ ka ara àpò náà kí ẹ mọ iye omi tó ń gbà, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ti lítà kan, kí ẹ má sì fi ṣúgà tàbí mílíìkì kún un. Dókítà tún lè fún ọmọ ní síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láìfi falẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọlé, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, bí ara rẹ̀ bá rọ jọwọrọ, bí kò bá lè mu nǹkan, tàbí bó bá ń bì gbogbo ohun tó mu. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ má dúró de ìkankan nínú àmì wọ̀nyí.

ÌBÉÈRÈ: Mo se ṣúgà àti omi pọ̀ láti máa fi sí ohun mímu. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìsàlẹ̀ ìgò ti di iyanrìn. Ìwọ̀n kan náà ni mo lò.

ÌDÁHÙN: Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà tó sì di iyanrìn, omi ti lọ nínú rẹ̀ lórí iná. Omi gíráàmù 100, nínú ilé tí kò gbóná tí kò tutù, lè gba ṣúgà tó nǹkan bíi 200 mọ́ra. Ti 100 sí 100 jìnnà sí ààlà náà gan-an. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ jẹ́ kó hó pẹ́.

Kò yẹ kó hó pẹ́ rárá. Ṣúgà gíráàmù 200, omi mìlílítà 200, iná díẹ̀, ẹ máa rò ó títí kò fi ní sí hóró ṣúgà kan tó ń dún lábẹ́ ṣíbí. Bó bá ti mọ́ gaara, ẹ sọ̀ ọ́. Bó bá ti ń hó, ẹ má rò ó mọ́: ṣíbí ń ta ṣúgà sára ìkòkò, á gbẹ síbẹ̀, hóró kan ṣoṣo tó bá já padà sínú rẹ̀ á pe àwọn yòókù jọ. Bí ẹ bá rí i lára ìkòkò, ẹ dé ọmọrí fún ìṣẹ́jú méjì, ooru á fọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ki, ṣúgà ìlọ́po méjì omi, ti wà létí ààlà. Kó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ààbọ̀ ṣíbí kékeré. Ásíìdì rẹ̀ máa ń pín díẹ̀ nínú ṣúgà náà sí méjì, àwọn tó pín yìí kì í sì jẹ́ kí èyí tó kù tètè dì. Èyí tó ki máa ń pẹ́ ju èyí tó ṣàn lọ, nítorí èbu kì í rí omi tó máa lò nínú rẹ̀. Èyí tó ṣàn, ẹ fi sínú fíríìjì, kí ẹ sì lò ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ti inú ìgò yín kò bàjẹ́. Ṣíbí ńlá omi méjì, ẹ dá a padà sórí iná títí á fi mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo gé kábéèjì wẹ́wẹ́, mo fi iyọ̀ sí i, mo kì í sínú ìgò pé kó kan. Ní ọjọ́ karùn-ún, nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú omi rẹ̀. Ṣé kí n dà á nù?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Bó bá funfun, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó hunjọ díẹ̀, tí kò ní irun, irú yíìsì kan ni, kì í pani lára. Ẹ fi ṣíbí kó o kúrò. Bó bá ní irun bí òwú, tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, dúdú tàbí pupa, èbu nìyẹn, gbogbo ìgò náà ni kí ẹ dà nù. Ẹ má gbìyànjú láti kó ti òkè kí ẹ jẹ ti ìsàlẹ̀, nítorí gbòǹgbò èbu ń lọ jìnnà ju ibi tí ojú rí lọ. Bí kábéèjì náà bá ń yọ̀ tó sì ń rùn bí ohun tó rà, òun náà, ẹ dà á nù.

Afẹ́fẹ́ ló ń fa èyí tó funfun yẹn, òun náà ló sì ń fa èbu. Kòkòrò àìfojúrí tó ń mú un kan kò nílò afẹ́fẹ́, àwọn tó ń bà á jẹ́ ló nílò rẹ̀. Kábéèjì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ omi rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ gbé nǹkan tó wúwo tó sì mọ́ lé e lórí.

Iyọ̀ jẹ́ gíráàmù 20 sí 25 fún kábéèjì kílò kan, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré mẹ́rin tó gé pẹrẹsẹ. Ẹ fi ọwọ́ ra á fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fi sílẹ̀ fún 30, omi á jáde lára rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì tí omi náà kò bò ó, ẹ po iyọ̀ gíráàmù 25 mọ́ omi lítà kan, omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù, kí ẹ fi kún un. Omi lásán kọ́ o, ìyẹn á já iyọ̀ náà. Iyọ̀ tó bá kéré jù máa ń jẹ́ kó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ kó sì tètè bàjẹ́. Èyí tó bá pọ̀ jù kì í jẹ́ kó kan.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè ìgò, kí ẹ sì máa tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí gáàsì ń jáde, ìgò tí a dé pinpin lè bẹ́. Ní 20 sí 22°C, á ti máa kan ní ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó kan dénú. Bí ooru bá ti kọjá 24, á tètè kan, àmọ́ kì í hanpanpan lẹ́nu mọ́. Ẹ má lo ìkòkò irin tàbí alumíníọ̀mù, iyọ̀ àti kíkan náà á jẹ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mílíìkì tí mo fi óòtì àti omi ṣe ń yọ̀ bí itọ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ́ jù, ó ṣeé ṣe kí omi yín náà má tutù. Óòtì ife kan, omi ife mẹ́rin tó tutù nini láti inú fíríìjì, ẹ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kó má jù bẹ́ẹ̀, ẹ sì sẹ́ ẹ láìfún àṣẹ́ náà. Rírẹ óòtì sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tún ń dá kún yíyọ̀ náà. Bó bá sùn sísàlẹ̀ nínú ìgò, ẹ mì í, kò tíì bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló lè lò nínú fíríìjì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fún un dípò wàrà ìyá tàbí mílíìkì ọmọdé, kò ní ohun tó ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dàgbà.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́ẹ̀ fùláwà tí a fi ń lẹ bébà, kókó ló máa ń kún inú tèmi.

ÌDÁHÙN: Ẹ ń da omi gbígbóná sórí fùláwà gbígbẹ. Bí omi gbígbóná bá kan odidi fùláwà gbígbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ á jinná lójú ẹsẹ̀, á sì há gbígbẹ mọ́ inú, ríro kankan kò lè tú u mọ́. Fùláwà ife kan, ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù ife kan pò ó títí á fi ṣàn láìní kókó. Ẹ se omi ife mẹ́ta, bó bá ti ń hó, ẹ máa da àpòpọ̀ tútù náà sí i bí ẹ ti ń rò ó. Láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, á ki, funfun rẹ̀ á dín kù, á máa dán. Bó bá tutù, á tún ki sí i, nítorí náà ẹ sọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì ṣàn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń fẹ́ lọ. Èyí tó ti ní kókó, àṣẹ́ ni ẹ máa fi sẹ́ ẹ. Ọjọ́ méjì ló lè lò níta kó tó máa rùn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kí n po baking soda mọ́ fínígà láti fi fọ ìkòkò tí oúnjẹ jó mọ́ nídìí?

ÌDÁHÙN: Rárá. Híhó rẹ̀ wu ojú, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń pa agbára èkejì ni, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn híhó náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí omi. Ẹ lò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fún ohun tó jóná: omi tó bo ibẹ̀, baking soda ṣíbí ńlá méjì, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù, kí ẹ tó ha á. Bó bá jẹ́ ìkòkò alumíníọ̀mù, ẹ má lò ó, ó ń sọ ọ́ di dúdú. Fún ẹfun líle tó ń dì sí inú kẹ́tù: fínígà àti omi ní ìwọ̀n kan náà, ẹ sè é, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì se omi lásán nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ dà á nù. Fínígà kò sì gbọ́dọ̀ pàdé bleach tí a fi ń fọ aṣọ funfun láé, nítorí gáàsì kílórínì tó ń jáde láti inú àwọn méjèèjì máa ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá ti pò wọ́n pọ̀ láìmọ̀, ẹ jáde kúrò nínú yàrá náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé bí ọwọ́ bá tó o lójú ọ̀nà.